Àbámọdá Orí Ebè Mi

Òórùn ewé tútù tí iná ń rọ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọmọ tuntun ti wọ agbo ilé wa. Kì í ṣe òórùn dídùn, kì í sì í ṣe òórùn ohun tó bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà tí òjò bá kán sórí eérú gbígbóná. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa ń ya. Mo jókòó ti ààrò Ìyá Àgbà, ìyá tó bí baba mi, mo ń wò bí wọ́n ṣe ń na ewé àbámọdá sójú iná, tí wọ́n tún ń fà á padà kó má baà jó. Nígbà tí ewé náà rọ̀, wọ́n fún un sínú ìkarahun ìgbín, omi rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Nínú yàrá, àbúrò mi ọkùnrin ń ké. Kò tíì lo ọjọ́ kan tán láyé. Èmi ni mo lọ já ewé náà wá, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé òtútù.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Abúlé wa kò jìnnà sí Láàlúpọn. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá ni, bó bá sì ti fọn, àwọn àgbà inú oko á dá ọkọ́ dúró, wọ́n á máa wojú ara wọn bí ẹni pé wọ́n pè wọ́n lórúkọ. Kòkó tí baba mi gbìn kò tíì ga ju orúnkún mi lọ. Àwọn ará ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkùnrin kan ló ń gbin ohun tí ẹnu kò lè jẹ. Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú, wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́jà ní ọrọọrún. Nítorí náà, agbo ilé wa kì í bọ́ lọ́wọ́ òórùn eérú àti àdín. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn àdín lára ẹnikẹ́ni, ọrùn mi á yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àbámọdá, ẹ kò nílò kí n máa ròyìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kò mọ ju oògùn inú ìgò lọ. Ewé rẹ̀ ki, ó kún fún omi, etí rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbìn ín nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n fún mi ní ewé kan ṣoṣo, wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ di púpọ̀. Mo gbẹ́ ihò, mo rì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin èbù iṣu, mo sì ń bu omi sí i láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin mo hú u wò. Ó ti kẹ̀, ó ń rùn.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìhà mú. Wọ́n ní, "Ewé kì í ṣe iṣu, Àṣàkẹ́. Tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí o sì gbàgbé rẹ̀." Mo tẹ́ òmíràn sórí erùpẹ̀ inú àpáàdì kan. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa gbàgbé nǹkan. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé e wò lábẹ́, tí mò ń tún un dà sílẹ̀. Ìyá mi á rí mi níbi tí wọ́n ti ń ro ọṣẹ, wọ́n á ní, "Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Wọn kì í parí òwe yẹn. Èmi ni mo ń parí rẹ̀ nínú ikùn mi, mo sì tún ń gbé ewé náà wò.

Ó hù ṣá. Nínú àlàfo eyín ewé náà, gbòǹgbò funfun tín-ín-rín bí òwú kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ni ewé méjì tó kéré ju èékánná ìka ọwọ́ mi tó kéré jù yọ tẹ̀lé e. Ọmọ mẹ́jọ ni ewé kan yẹn bí. Mo sáré yí agbo ilé ká láti lọ sọ ọ́, bí ẹni pé èmi ni mo bí wọn.

Nínú agbo ilé wa, bí ìwọ́ ọmọ bá já, Ìyá Àgbà á rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, wọ́n á kọ ebè kékeré lé e lórí, wọ́n á fi àpáàdì sọgbà yí i ká, wọ́n á sì tẹ́ ewé àbámọdá kan sórí rẹ̀. Ohun tó bá hù níbẹ̀ di ti ọmọ náà. Bí ìyá rẹ̀ bá tún bímọ, orí ebè ọmọ tó wà láàyè ni wọ́n ti ń já ewé tí wọ́n á máa fún sí ìdodo ọmọ tuntun, títí tí ìwọ́ tirẹ̀ náà á fi já. Ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà lórí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ewé ẹni tó dúró la fi ń dá ẹni tó ń bọ̀ dúró." N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé kejì. Ní tiwa, òfin ni.

Ebè méjì ni ìyá mi ní lẹ́yìn balùwẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Èkejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń jẹ́ Dúrósinmí. Orúkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró kó sin òbí rẹ̀, kò gbọ́, ó kú kí wọ́n tó bí mi. N kò mọ ojú rẹ̀, ebè rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í já ewé níbẹ̀. Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kí wọ́n tú u, wọ́n ní a kì í lé ọmọ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹnikẹ́ni kò ṣe já a, ó wá kún bámúbámú, ó ga ju tèmi lọ fíìfíì, ewé rẹ̀ sì tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Mo máa ń jowú ebè yẹn. Ó tì mí lójú láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n bí mi, ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá mi fi wá ọmọ. Mo ti tó ẹni tó ń gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ń sọ nídìí odò tí wọ́n bá rò pé ọmọdé kò sí nítòsí. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi dé, mo mọ ohun tó dé. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ, "Àlejò" ni Ìyá Àgbà ń pè é. Lójoojúmọ́, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi àdín pa á lára, wọ́n á wá na ọwọ́ sí mi láìwẹ̀yìn: "Ìyá ọmọ, ewé dà?" Èmi ni ìyá ọmọ. Kò sí orúkọ kankan tí wọ́n tún fún mi láti ìgbà náà tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ewé méjì tó ki dáadáa ni wọ́n ń fẹ́ láràárọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo já méjì. Ọjọ́ kejì, mo já méjì. Ní ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé àbámọdá tó ga jù lórí ebè mi ti ń di ìhòòhò. Àwọn tó kù lórí ebè náà kò tíì ní ewé tó ṣeé fún. Èyí tó ga yìí sì ni ọkàn mi wà lára rẹ̀, nítorí ó ti yọ ọ̀pá òdòdó. Ebè mi kò yọ òdòdó rí. Ìrudi rẹ̀ so rọ̀ bí agogo kéékèèké, ó fẹ́, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì ti sọ fún mi pé bí a bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á dún pò. N kò tíì gbọ́ ọ rí. Mo fẹ́ kó gbó kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá já ewé méjì tó kù nídìí ọ̀pá náà, á rọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo dúró láàárín ebè méjèèjì. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ ìyá mi nínú yàrá, wọ́n ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo wo òdòdó mi. Mo wo ebè Dúrósinmí. Mo ní ewé ni ewé. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ebè náà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè tètè tó, mo já méjì tó tóbi jù. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Èyí mà dára o, ìyá ọmọ." Wọ́n yan án, wọ́n fún un. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní ọjọ́ karùn-ún àti ọjọ́ kẹfà.

Ní ọjọ́ keje, àbúrò mi kọ ọmú. Ìyá mi rò pé ó yó ni. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnu rẹ̀ kò là mọ́. Bí wọ́n bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á le gbagidi, á ká ẹ̀yìn kò bí ọrun, á sì tún dẹ̀. Ìyá Àgbà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n rán mi lọ já ewé sí i. Lọ́jọ́ yẹn, orí ebè mi ni mo lọ. Mo já gbogbo rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ kéékèèké. Ọ̀pá òdòdó nìkan ló kù lórí ìdí. N kò tiẹ̀ wò ó.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Oyin àti orógbó tí wọ́n ti rà sílẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ wà lórí àjà. Baba mi fi aṣọ wé e, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi kò tẹ̀ lé wọn, nítorí abiyamọ kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já, nítorí náà kò ní ebè. Baba mi ti mú orúkọ kan sọ́kàn fún un. Wọn kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí tí àwọn náà fi kú.

Àwọn ará abúlé wá bá wọn kẹ́dùn. Bí ẹnì kan bá ti jókòó, á ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣeun." Ohùn wọn kò yí padà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo dúró sí. Gbogbo wọn mọ̀ pé omi dànù, èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó dà á nù. Mo fẹ́ jáde kí n sọ ọ́. N kò jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òdòdó náà là lórí ọ̀pá tó wà níhòòhò yẹn. Kò rọ rárá. Ó pọ́n díẹ̀, ó dára. N kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di ọdún kejì, baba mi fi mí sí ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn oníhìnrere ṣí ní Láàlúpọn. Àwọn ènìyàn ní kí ni obìnrin máa fi ìwé ṣe. Èmi rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí n má máa wo ẹ̀yìn balùwẹ̀ náà ni. A ń fi ìkọ̀wé òkúta ha ara síléètì, ó ń dun eyín. Ebè mi ti tún rú, mo já ewé kan níbẹ̀, mo fi sáàárín ìwé ABD mi. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo ṣí ìwé náà, gbòǹgbò funfun ti nà sórí àwọn lẹ́tà. Láìsí ilẹ̀, láìsí omi, ó hù. Tíṣà gbé e fún gbogbo kíláàsì wò, wọ́n ní ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Tíṣà rò pé ẹ̀rù ìwé tó bàjẹ́ ló ń bà mí, wọ́n ní àwọn kò ní nà mí.

Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìgbẹ̀bí kan nílùú Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n sọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, n kò sì nílò kí wọ́n tún un sọ. Ọ̀gá wa gbé abẹ sókè, wọ́n ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá dì ní nǹkan bí ọjọ́ keje, kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe àbíkú. Erùpẹ̀ ló gba ojú ìwọ́ wọ̀ ọ́, láti ara abẹ tí a kò sè tàbí ohun tí a fi sí i. Mo rí abẹ Ìyá Àgbà níbi tí wọ́n ń kì í bọ̀, nínú koríko àjà lókè ààrò. Òun ni wọ́n fi ń fá orí gbogbo wa. Òun ni wọ́n fi gé ìwọ́ àbúrò mi. Mo wá mọ̀ pé orí ebè yòówù kí n ti já ewé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ náà ni. Ẹ máa rò pé ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Ọpọlọ mi gbà, inú mi kò gbà.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú ọmọ náà kí n tó lanu. Ọmọ mi obìnrin bímọ, mo sì lọ sí abúlé láti lọ ròyìn fún ìyá mi. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Inú yàrá Ìyá Àgbà ni wọ́n ń sùn, níbi tí a sin Ìyá Àgbà sí, lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ẹní sí. Wọ́n yọ̀ títí. Wọ́n wá béèrè pé, "Orí ebè rẹ lo máa ti já ewé ìdodo rẹ̀, àbí?"

Ìbéèrè kékeré ni. Mo fẹ́ dáhùn pé sípíríìtì ni a ń lò báyìí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ọjọ́ kẹrin, òdòdó tí mo dá sí, ọwọ́ tí mo nà sí ẹ̀yìn ebè Dúrósinmí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo ní, "Èmi ni mo pa á, ìyá mi."

Mo ń gbọ́ adìyẹ tó ń họ ilẹ̀ lóde. Wọ́n wá ní, "Dìde, Àṣàkẹ́. Dìde kí n lè sọ tèmi."

Wọ́n ní, "Ebè rẹ kú nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún méjì. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, gbogbo rẹ̀ gbẹ mọ́ ilẹ̀. Mo mọ̀ pé bí Ìyá bá rí i, wọ́n á ní ìwọ náà ń múra àtilọ. Ti Dúrósinmí ò gbẹ. Mo lọ já ewé kan níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo tẹ́ ẹ sórí tìẹ. Òun ló hù. Òun náà lò ń pè ní tìẹ. Kò sí ewé ẹni tó dúró lẹ́yìn balùwẹ̀ yẹn, ti ẹni tó lọ ni gbogbo rẹ̀."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tọ́mọ yẹn kú, tí wọ́n ń kí mi, tí wọ́n ń ní omi ló dànù, mo ní èmi ni mo dà á nù. Mo wò ọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn níbi tó o dúró sí. Mo ní kí n má sọ ọ́ létí rẹ kó má baà wúwo jù fún ọ."

Ẹkún gbé mi. Láti ọjọ́ yẹn la ti ń jẹun nínú àwo kan náà, tá a ń ro ọṣẹ nínú ìkòkò kan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń fi ohun kan náà pa mọ́ fún ẹnì kejì. Mo nu ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn bí ọ̀gá wa ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Mo sọ ti erùpẹ̀. Mo sọ ti abẹ tó máa ń wà nínú àjà. Mo fẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀, ohùn mi sì ń lọ sókè.

Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Òórùn àdín ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ẹnu júwe ilẹ̀ tí a jókòó lé. Wọ́n ní, "Rọra sọ ọ́. Ìyá wà níbí."

A kò sọ ọ́ mọ́. Kí n tó lọ, wọ́n ní kí n já ewé kan lórí ebè mi mú dání. Wọ́n ní, "Ewé ẹni tó lọ ni mo tẹ́ lé e, ìwọ sì dúró." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú.

Ewé yẹn ni mo tẹ́ sínú abọ́ fífọ́ kan lójú fèrèsé mi. Ó ti di mẹ́rin, ó ti di ogún, àwọn ará àdúgbò sì ń gbà lára rẹ̀ fún ikọ́ ọmọ wọn. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ ju iye tí mo lè kà lọ, mo ti se abẹ títí ọwọ́ mi fi bó, mo sì lè ṣàlàyé ohun tó pa àbúrò mi láìgbọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dúró láàárín ebè méjì kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nínú èmi àti òun, n kò tíì mọ ẹni tó dàgbà jù nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọyẹ́ bá dé, òdòdó á yọ, àwọn ọmọ ọmọ mi á sáré wá, wọ́n á ní, "Ìyá àgbà, ṣé ká tẹ̀ ẹ́?" Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Á dún pò, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kò tíì tẹ ẹyọ kan rí.